Ẹsẹ̀ tó ń wú nínú ọkọ̀ alẹ́: ìdáhùn fún ìyá tó ń lọ sí Accra

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Kubwa níbí ní Àbújá ni mò ń gbé, ọmọ ọdún 61 ni mí. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Accra máa bímọ lóṣù tó ń bọ̀, èmi ni mo sì fẹ́ lọ wẹ ọmọ. Agbára mi ò ká owó ọkọ̀ òfúrufú. Ètò mi ni pé n ó wọ ọkọ̀ ní Utako ní ìdájí; bí mo bá dé Èkó nírọ̀lẹ́, n ó bọ́ sínú ọkọ̀ alẹ́ tó ń lọ sí Accra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo lọ sí Èkó lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ mi méjèèjì wú débi pé bàtà ò wọ̀ mí mọ́. Amlodipine ni mò ń lò sí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé kí n má lò ó lọ́jọ́ ìrìn àjò ni? Ṣé ewu wà nínú wíwú yìí?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra o, mà. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, torí mo fẹ́ bẹ̀ yín pé kí ẹ yí ètò yín padà díẹ̀: ẹ má so ọkọ̀ méjèèjì yẹn mọ́ra. Bí ẹ bá dé Èkó, ẹ wá ilé ẹbí kan yà sí, kí ẹ na ẹsẹ̀ gbalaja sùn mọ́jú. Oorun orí ìjókòó kì í ṣe oorun fún ẹsẹ̀.

Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sísàlẹ̀, àmọ́ òun nìkan kò lè dá a padà sókè. Ẹran ńlá tó wà lẹ́yìn ojúgun ló ń ràn án lọ́wọ́. Bí ẹ ṣe ń gbẹ́sẹ̀, ẹran yẹn ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ tó gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ̀jẹ̀ á sì máa gòkè, bí omi ṣe ń gòkè nínú pọ́ǹpù tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀. Ẹ jókòó wákàtí 12 láìrìn, pọ́ǹpù dúró nìyẹn. Omi ara á bẹ̀rẹ̀ sí í jò díẹ̀díẹ̀ sínú ẹran ẹsẹ̀. Ẹ tẹ àtàǹpàkò yín mọ́ ojúgun tó wú, kí ẹ sì gbé e kúrò: ojú ibẹ̀ á jìn, kò ní kún bọ̀rọ̀. Omi yẹn ló lé bàtà kúrò lẹ́sẹ̀ yín.

Amlodipine náà lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Ó máa ń mú kí ọrùn ẹsẹ̀ àwọn kan wú, pàápàá àwọn obìnrin àti ẹni tó ń lo 10 mg. Síbẹ̀, ẹ má fò ó. Ẹsẹ̀ tó wú á fà tí ẹ bá sùn. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ru sókè lójú ọ̀nà Seme lè di rọpárọsẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ń wú nílé pàápàá, ẹ sọ fún dókítà yín, oògùn mìíràn wà. Inú báàgì ọwọ́ yín ni kí oògùn wà o, kì í ṣe inú búùtù.

Wíwú ẹsẹ̀ méjèèjì kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí ẹ̀jẹ̀ tó dúró sójú kan dì bí ẹ̀kọ tútù, kí ó já, kí ó sì bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé ẹ̀dọ̀fóró. Lọ́dún 1940, nígbà tí wọ́n ń ju bọ́ǹbù sí London, àwọn aráàlú ń sá pamọ́ lálẹ́, ọ̀pọ̀ wọn sì ń sùn lórí àga mọ́jú. Dókítà Keith Simpson, tó ń yẹ òkú wò, rí i pé irú ikú yìí ti di ìlọ́po mẹ́fà. Igi etí àga ń tẹ iṣan abẹ́ itan wọn ní gbogbo òru. Ìjókòó bọ́ọ̀sì ò yàtọ̀ púpọ̀ sí i. Lọ́dún 2007, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìrìn àjò tó bá tó wákàtí 4, ìbáà jẹ́ bọ́ọ̀sì, ń sọ ewu yìí di ìlọ́po méjì. Ewu náà kéré, nǹkan bí ẹnì kan nínú 6,000. Àmọ́ ó ń pọ̀ sí i fún ẹni tó sanra, tó ní jẹjẹrẹ, tó ṣe iṣẹ́ abẹ láìpẹ́, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ti dì lẹ́sẹ̀ rẹ̀ rí. Bí ọ̀kan bá kàn yín níbẹ̀, ẹ rí dókítà kí ẹ tó gbéra.

Ìtọ̀ ló ń kó ìdààmú bá ọ̀pọ̀ ìyá tó ń wá sọ́dọ̀ mi. Láti alẹ́ àná ni wọn ò ti ní mu omi, torí wọn ò fẹ́ bẹ dẹ́rẹ́bà pé kí ó dúró. Mo mọ̀ pé ó ń ti àgbàlagbà lójú, ẹ̀rù etí igbó sì tún wà. Àmọ́ tí omi bá gbẹ lára, ẹ̀jẹ̀ á ki. Ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀, ìlàjì ife ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ọkọ̀ bá ti dúró fún oúnjẹ, bíi Lọ́kọ́ja, ẹ lọ tọ̀, bí ìtọ̀ kò tilẹ̀ gbọ̀n yín.

Ẹ ra ìjókòó tó wà létí ọ̀nà àárín ọkọ̀, kí ẹ lè máa na ẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ó gbé èlùbọ́, òrí àti ọṣẹ dúdú dání. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tò wọ́n síbi ẹsẹ̀ yín. Ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ gbé ọmọ ìka sókè, nígbà ogún. Ibodè mẹ́ta lẹ ó kọjá láàárín Èkó àti Accra: Seme, Hillacondji àti Aflao. Bí wọ́n bá ní kí èrò sọ̀kalẹ̀ fẹsẹ̀ rìn, oore ni wọ́n ṣe fún ẹsẹ̀ yín.

Ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ojúgun, èyí tó mọ sí abẹ́ orúnkún, dára. Ẹ wọ̀ ọ́ láàárọ̀ kí ẹsẹ̀ tó wú. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí egbò lẹ́sẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà ná. Ẹ má fúnra yín lo aspirin, ẹ má sì lo oògùn oorun, torí ẹni tó bá lò ó kì í mira rárá.

Tí ẹ bá dé, ẹ gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí. Yóò fà láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná, tó ń ro yín lẹ́yìn ojúgun, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Kí ẹnikẹ́ni má fi òrí tàbí àdí wọ́ ọ o! Mo tọ́jú obìnrin kan tó wọ bọ́ọ̀sì ti Niamey dé, tí wọ́n fi àdí wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, awọ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń dán bí ìgò, èémí rẹ̀ sì ti ń há. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Bí èémí bá há, tí àyà ń dùn yín tí ẹ bá mí kanlẹ̀, tàbí tí ẹ wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, ẹ má dúró di àárọ̀. Ewu yìí ṣì lè yọjú títí di bí ọ̀sẹ̀ 8 lẹ́yìn ìrìn àjò.

Ó ku abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú (yellow fever). Ó gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 10 lára kí ẹ tó kọjá ibodè. Bí ẹ bá ti gbà á rí, káàdì tó ń jẹ́rìí sí abẹ́rẹ́ náà kò ní ọjọ́ ìparí mọ́ láti ọdún 2016. Bí ẹ kò bá gbà á rí, ẹni tó ti lé ní 60 kì í kàn lọ gún un láìjẹ́ pé dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, torí náà ẹ wá káàdì àtijọ́ yín lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì mú un lọ́wọ́ lọ bá dókítà yín.