Áàpù amí kọ́ ló máa dáàbò bo ọmọ yín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 14. Ó ń gbé fóònù wọ yàrá lálẹ́, bí mo bá sì ti wọlé báyìí, á yára dà á dojú bolẹ̀. Ẹnì kan fẹ́ ta áàpù kan fún mi tí màá fi máa ka gbogbo ohun tó ń bá àwọn èèyàn sọ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ pa Play Protect lórí fóònù ọmọ náà. Níbo ni mo ti máa pa á?

ÌDÁHÙN: Màmá, mi ò ní sọ ibi tí wọ́n ti ń pa á fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á. Irú ìbéèrè yìí ti sú mi í dáhùn, kì í ṣe tìtorí yín, tìtorí àwọn tó ń ta nǹkan yìí fún òbí tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ ni. Ohun tí wọ́n ń tà gan-an ni èrò kan, pé bí òbí bá ti ń rí gbogbo nǹkan ní kọ̀rọ̀, ewu ti kúrò lórí ọmọ. Irọ́ ni.

Ẹ wo ohun tí ẹni yẹn ní kí ẹ ṣe. Play Protect ni ẹ̀ṣọ́ tí Google fi sórí fóònù Android, òun ló ń yẹ áàpù wò, tó sì ń ké gbàjarè bí èyí tó lè ṣe ìjàǹbá bá wọlé. Àlejò wo ló máa ní kí ẹ lé ẹ̀ṣọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí òun tó wọlé? Lẹ́yìn ìyẹn, á ní kí ẹ gba áàpù tí kò wá láti Play Store láàyè. Á tún ní kí ẹ fún un ní àṣẹ Accessibility, èyí tí wọ́n ṣe nítorí àwọn tí kò ríran dáadáa àti irú wọn, tó ń jẹ́ kí áàpù lè ka ohun gbogbo tó bá hàn lójú fóònù. Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ṣí fóònù yẹn sílẹ̀ fún.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ máa kà yẹn kì í gba ọ̀nà tààrà dé ọ̀dọ̀ yín. Kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó ṣe áàpù náà ló kọ́kọ́ ń lọ, ibẹ̀ lẹ ti máa lọ wò ó. Fọ́tò ọmọ yín, ibi tó wà, àsìkò tó ń kúrò nílé ìwé, gbogbo ẹ̀ á wà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí. Lọ́dún 2021, àjọ FTC ti Amẹ́ríkà, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, fòfin de ilé iṣẹ́ SpyFone àti ọ̀gá rẹ̀ pé wọn ò gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ áàpù amí mọ́. Wọn ò dáàbò bo ohun tí wọ́n ń kó jọ: ọlọ́ṣà orí íntánẹ́ẹ̀tì ti wọ kọ̀ǹpútà wọn lọ́dún 2018.

Ká tiẹ̀ ní áàpù náà mọ́. Bàbá kan wá bá mi tó ti fi irú ẹ̀ sórí fóònù ọmọ rẹ̀. Gbájúẹ̀ kan tó ń pe ara rẹ̀ ní ọmọbìnrin ti gba fọ́tò ìhòhò lọ́wọ́ ọmọ náà, ó sì ń halẹ̀ pé òun máa fi ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni bàbá rí i. Kò lè sọ̀rọ̀, torí bó bá sọ ọ́, àṣírí áàpù tú. Títí di ọjọ́ Jímọ̀ ló ń wá bí òun ṣe máa gbé e gbà, ọmọ sì wà ní yàrá kejì, kò jẹun, òun nìkan ló ń dá a gbé. Mo bi ọmọ náà pé kí ló dé tí kò sọ fún bàbá rẹ̀. Ó ní, “Wọ́n á gba fóònù.”

Ohun tí ẹ máa ṣe lálẹ́ òní kò le. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ sọ fún un pé: “Bí ẹnikẹ́ni bá ń halẹ̀ mọ́ ẹ, tàbí tí o fi ohun tí kò yẹ ránṣẹ́, wá jí mi, kódà kó jẹ́ aago méjì òru. Mi ò ní gba fóònù rẹ torí pé o sọ fún mi.” Kí ẹ sì mú un ṣẹ o. Fóònù ò gbọ́dọ̀ sùn sí yàrá, tiyín náà kò gbọ́dọ̀ sùn síbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ áàpù, Family Link ti Google wà lọ́fẹ̀ẹ́. Orí iPhone, Screen Time ni. Ọmọ máa mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó ń jẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí áàpù kí ó tó wọlé, kí ẹ sì ti fóònù lóru, ṣùgbọ́n kì í ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín. Ẹ yẹ ọjọ́ orí tó kọ sórí Instagram wò pẹ̀lú. Bó bá pe ara rẹ̀ ní ẹni ọdún 20, ààbò tí wọ́n ṣe fún ọ̀dọ́ lè má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní ti fóònù tó ń dà bolẹ̀, ó lè má ju ọ̀rọ̀ òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Mi ò rí fóònù náà, mi ò lè búra. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé wọ́n ń halẹ̀ mọ́ ọn lóòótọ́, ẹ má sanwó, ẹ má sì pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ẹ ya skríǹṣọ́ọ̀tì, kí orúkọ ẹni náà hàn, lẹ́yìn náà kí ẹ bùlọ́ọ̀kù rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Take It Down, tí NCMEC, àjọ tó ń jà fún àwọn ọmọ tó sọnù àti àwọn tí wọ́n ń lò nílòkulò ní Amẹ́ríkà, ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, lè bá yín dènà fọ́tò ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 lórí àwọn ìkànnì tó bá wọn ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ ò ní fi fọ́tò náà fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, orí fóònù yín ló máa wà. Ẹ má fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni láti fi ṣe ẹ̀rí, àní èmi náà. Òfin orílẹ̀-èdè kálukú yàtọ̀, èmi kì í sì í ṣe lọ́yà, ṣùgbọ́n ní ibi tó pọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni.

Bó bá jẹ́ pé ẹ ti fi áàpù náà sí i kí ẹ tó kọ̀wé, ẹ wọ Play Store, ẹ tẹ àwòrán orí tó wà lókè lápá ọ̀tún, ẹ wá Play Protect, ẹ tan án padà, kí ẹ ní kó yẹ fóònù wò. Ẹ fi fóònù mìíràn yí gbogbo pásíwọ̀ọ̀dù ọmọ náà padà. Lẹ́yìn náà, kí ẹ sọ fún un pé ẹ fi sí i rí. Ó máa bínú. Ẹ jẹ́ kó bínú, kí ẹ sì dúró gbọ́ ọ tán.