Èsì: Ṣé iná Kainji kì í ba àyíká jẹ́ lóòótọ́?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní iná tí wọ́n ń fi omi ṣe ní ìsédò Kainji kì í ba àyíká jẹ́, ṣùgbọ́n ó ń bà á jẹ́. Kò sí èéfín níbẹ̀ bí ẹ ṣe wí: omi tí wọ́n sé ń já wálẹ̀, ó ń yí tábáìnì, ìyẹn ẹ̀rọ bíi kẹ̀kẹ́ tí omi ń tì, tábáìnì ń yí jẹnẹrétọ̀, iná dé. Ìsédò Jẹ́bà tún ń lo omi kan náà nísàlẹ̀ odò.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sé odò Ọya ní 1968, adágún bo ìlú Bussa àtijọ́ mọ́lẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló kó kúrò nílé baba wọn, ìyẹn ló dùn mí jù. Ìkún omi ọdọọdún tí àwọn àgbẹ̀ ìsàlẹ̀ odò gbójú lé dín kù, ẹja náà dín kù.

Ibi tí wọ́n bá ti sé odò di adágún ńlá ni mò ń wí o. Ilé iṣẹ́ iná tó kàn ń lo omi bó ṣe ń ṣàn kọjá kì í pani lára tó bẹ́ẹ̀.