Èsì: Ṣé àárín olùkọ́ àti ọmọ tí kò gún lè pa ẹ̀kọ́ ọmọ lára?

Ẹ béèrè bóyá ìjà olùkọ́ àti ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lè bá ọmọ dé ọjọ́ iwájú. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn olùṣèwádìí méjì, Bridget Hamre àti Robert Pianta, tẹ̀ lé ọmọ 179 láti jẹ́lé-ó-sinmi dé kíláàsì kẹjọ. Ọdún 2001 ni èsì ìwádìí wọn jáde. Àwọn tí àárín àwọn àti olùkọ́ kò gún ni máàkì wọn sábà ń lọ sílẹ̀, pàápàá àwọn ọmọkùnrin. Ẹ má tíì di gbogbo ẹ̀bi ru olùkọ́ o. Ọmọ tó ń da kíláàsì rú náà ń mú kí ojú olùkọ́ le.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni àbá Pianta láti tún àárín wọn ṣe: kí olùkọ́ jókòó ti ọmọ náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ọmọ fúnra rẹ̀ yan eré. Bó bá to búlọ́ọ̀kù tó wó, kí olùkọ́ má tún un tò.