Gbòǹgbò Látìn àti Gíríìkì nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì: bí a ṣe ń lò ó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè bóyá kẹ́ ẹ há igba gbòǹgbò, ìyẹn ègé inú ọ̀rọ̀ tó gbé ìtumọ̀ dání, sórí ná kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka Gẹ̀ẹ́sì tó le, ẹ má wulẹ̀ dán an wò. Gbòǹgbò tí kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó gbé e dání kì í pẹ́ lórí. Inú ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ti mọ̀ ni kẹ́ ẹ ti mú un. Ẹ ṣáà mọ import àti export: port ni "gbé", im- ni "wọlé", ex- ni "jáde". Tẹ́ ẹ bá wá pàdé deport tàbí portable, ẹ ti mọ ìdajì rẹ̀.

Ohun tó ń da èèyàn láàmú jù ni pé gbòǹgbò kì í dúró sójú kan. Ọ̀rọ̀ ìṣe Látìn máa ń ní ẹ̀dà bíi méjì, Gẹ̀ẹ́sì sì kó gbogbo rẹ̀ wọlé. Scrib inú describe ló di script nínú description. Mit inú permit ló di miss nínú permission. Èyí tó le jù ni capere, "mú": cap nínú capture, cept nínú accept, cip nínú recipient, ceiv nínú receive, torí pé ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni èyí gbà kọjá. Ẹni tó kọ cap nìkan sórí káàdì tó fi ń kọ́ ọ̀rọ̀ kò ní dá àwọn yòókù mọ̀. Nítorí náà, káàdì kan fún gbòǹgbò kan, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀dà rẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́ta, àti gbólóhùn kan tẹ́ ẹ fúnra yín kọ. Márùn-ún lọ́sẹ̀ ti tó.

Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ègé tó ń ṣáájú gbòǹgbò bíi im- àti ex-, náà ń para dà. Ó ń fara wé lẹ́tà tó tẹ̀ lé e kó lè rọrùn lẹ́nu: in- di im- nínú impossible, il- nínú illegal, ir- nínú irregular. Ad- ló wà níwájú accept, attract àti appear. Ibẹ̀ ni lẹ́tà méjì-méjì yẹn ti wá, ó sì ń gbani lọ́wọ́ àṣìkọ.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó jọra. In- inú invisible ń sọ pé "kò", ṣùgbọ́n ti inject ń sọ pé "sínú". Inflammable kì í ṣe ohun tí kò lè gbiná o. Ohun tó ń tètè gbiná ni, ẹni tó bá ṣì í túmọ̀ lè jó ilé. Ped inú pedal ni "ẹsẹ̀" lédè Látìn. Ti pediatrician wá láti inú Gíríìkì, "ọmọ" ló sì jẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ní ph, tàbí ch tí a ń pè bíi k, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti Gíríìkì. Òfin náà kò dè pinpin: tele inú television jẹ́ Gíríìkì, vis jẹ́ Látìn.

Gbólóhùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, kẹ́ ẹ tó wo gbòǹgbò, kẹ́ ẹ sì wá fi díkíṣọ́nárì yẹ̀ ẹ́ wò. Manufacture ń sọ pé "fi ọwọ́ ṣe", bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ló ń ṣe é lónìí. Fún water, house, eat, ẹ gbàgbé gbòǹgbò. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn kò ti Látìn tàbí Gíríìkì wọ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìmọ̀ ìṣègùn ni èrè rẹ̀ ti pọ̀ jù. -itis ni wíwú, bíi ti oríkèé nínú arthritis. -otomy ni lílà, bí a ṣe ń la ikùn nínú laparotomy. -Ectomy ni gígé jù nù, bí a ṣe ń gé appendix, ẹ̀ka kékeré tó wà lára ìfun, jù nù nínú appendectomy. Ẹ má fi ọ̀kan pe èkejì.