Èsì: Ṣé kí àbúrò mi kọ́ṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá ni àbí kó lọ tẹkíníkà?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní àbúrò yín tó jáde sẹ́kọ́ńdìrì ní Ọ̀fà fẹ́ kọ́ àtúnṣe jẹnẹrétọ̀ kékeré àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko. Tèmi ni pé kó kọ́kọ́ bá ọ̀gá, torí ọwọ́ ló ń mọ iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀gá náà dáadáa o! Ẹni tí mo kọ́kọ́ bá ní Ìlọrin níbí, ọdún kan gbáko ni mo fi ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tí mò ń fọ páàtì, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan kábúrétọ̀, ìyẹn ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀ kó tó wọ ẹ́ńjìnnì, ó dùn mí gan-an.

Kó tètè mọ ìyàtọ̀ two-stroke àti four-stroke. I better pass my neighbour, jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn, two-stroke ni, inú bẹntiróòlù la ti ń po ọ́ìlì ẹ̀, ẹ̀rọ koríko tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká náà sì sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn jẹ́ń ńlá tó jẹ́ four-stroke ní ibi tí ọ́ìlì tiwọn ń wà lọ́tọ̀, ẹni tó bá ṣì í á pa ẹ́ńjìnnì oníbàárà. Tí ò bá stáàtì, kó yọ plọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo wò: tó bá tutù tó dúdú, epo ti pọ̀ jù, tó bá gbẹ fúrúfúrú, epo ò dé bẹ̀, ó lè jẹ́ pé kábúrétọ̀ ti dí.

Tó bá ti mọṣẹ́, kó lọ ṣe trade test, ìyẹn ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó o, iye ọdún àti ẹni tó máa ra irinṣẹ́.