Ìsinmi kì í ṣe "ìsìn mi"

Arábìnrin kan béèrè ohun tí ọjọ́ ìsinmi túmọ̀ sí gan-an fún onígbàgbọ́. Oníwàásù kan ti sọ fún wọn pé "ìsìn mi" ni Ọlọ́run fi pamọ́ sínú "ìsinmi", àti pé ẹni tí kò bá fi ọjọ́ náà jọ́sìn láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ti ja Ọlọ́run lólè. Ó ní aago mẹ́fà àárọ̀ lòun ń kúrò nílé, ilẹ̀ á ti máa ṣú kí òun tó padà, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni kí òun máa lọ sílé lẹ́yìn ìsìn àkọ́kọ́.

Inú bí mi nígbà tí mo kà á, kì í ṣe sí ẹni tó béèrè bí kò ṣe sí ẹni tó kọ́ ọ. Ẹ pe ọ̀rọ̀ méjèèjì sókè kí ẹ fi etí ara yín gbọ́ ọ. Ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí "sìn" tí í ṣe ti ìjọsìn, ohùn àárín ló sì wà nínú "sinmi". Ẹni tó bá ní ọ̀kan náà ni wọ́n, kó máa gbé ọkọ̀ lọ fi ro oko. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin oníwàásù wa, Hébérù ni wọ́n fi kọ òfin ọjọ́ ìsinmi, a kì í já ọ̀rọ̀ Yorùbá sí wẹ́wẹ́ kí a wá sọ pé Mósè ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Hébérù tó bí Sábáàtì, ìyẹn ọjọ́ ìsinmi, ni "shavat", ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni kí èèyàn dáwọ́ dúró lórí ohun tó ń ṣe. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, èyí tó jáde lódindi ní ọdún 1884, mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n mú "sinmi". Bí àgbà bá sọ fún ọmọdé pé "sinmi ariwo", kò ní kó lọ sùn, ó ní kó ṣíwọ́ ni. Bí a bá sì ní kí ẹni tínú ń bí sinmẹ̀dọ̀, àyà rẹ̀ tó ń gbóná la ní kó rọlẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni Ẹ́kísódù 31:17 wá fi ọ̀rọ̀ kejì kún un pé Ọlọ́run ṣíwọ́, ara sì tù ú. Inú ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ èémí ni Hébérù ti fa ìtura yẹn yọ, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ tó sì mí kanlẹ̀. Ó wù mí kí n sọ pé "mí" yìí ló wà nínú "sinmi" wa, ṣùgbọ́n ohùn kò gbà, n kò sì ní ṣe ohun tí mo torí ẹ̀ bá oníwàásù wí.

Òwe kan wà tó mú ọ̀rọ̀ yìí dání ju ọ̀pọ̀ ìwàásù lọ: ilé làbọ̀ sinmi oko. Àwọn èèyàn ń fi ṣe ọ̀ṣọ́ sára ilé tuntun, wọn kò sì ronú sí i mọ́. Òwe náà kò sọ pé ẹni tó ro oko rẹ̀ tán nìkan ló ní ilé. Ẹni tó kọ ebè rẹ̀ parí ń bọ̀ wálé, ẹni tí òjò lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà ń bọ̀ wálé, torí pé ilé ti wà kí a tó jí lọ sóko. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Jẹ́nẹ́sísì ṣe tò ó: ọjọ́ kẹfà ni Ọlọ́run dá èèyàn, nítorí náà òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tó mọ́ bá a láyé, òwúrọ̀ ìsinmi ni, kò tíì hú koríko kan. Ìsinmi onígbàgbọ́ kì í ṣe owó iṣẹ́. Ibi tó ti ń gbéra lọ síbi iṣẹ́ ni, ibẹ̀ náà ni ìwé Hébérù orí kẹrin ń tọ́ka sí nígbà tó ní ìsinmi kan ṣì kù fún àwọn ènìyàn Ọlọ́run.

Nílé wa, bí Ísírẹ́lì ṣe ń kó mánà ìlọ́po méjì ní ọjọ́ kẹfà ni ìyá mi ṣe ń ṣe ní ọjọ́ Sátidé: àmù á kún fún omi, ata á ti di lílọ̀. Bàbá mi á fi àkísà nu ọkọ́ rẹ̀, á sì kì í bọ abẹ́ òrùlé. Mo gbé àdá lọ́jọ́ Àìkú kan, mo ń ṣán koríko ẹ̀yìnkùlé kí n má bàa ṣe é ní Mọ́ńdè. Bàbá mi kò nà mí. Ó kàn gba àdá náà, ó ní, "O ti gbé oko wálé. Níbo la ó wá máa bọ̀ sí?"

Ìbéèrè yẹn kò tíì kúrò létí mi, pàápàá nísinsìnyí tí fóònù ti di oko tí a ń gbé sùn. Ọ̀gá á ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, èèyàn á sì dìde nídìí oúnjẹ. Ṣọ́ọ̀ṣì náà kò gbẹ́yìn: ìpàdé ìgbìmọ̀, ìdánrawò akọrin, ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́, ẹni tó bá sì ní ó rẹ òun, ọ̀lẹ ni. Ẹ ka Ẹ́kísódù 5, kí ẹ wo ẹni tó kọ́kọ́ fi ẹ̀sùn ìsinmi kan àwọn èèyàn: Fáráò ni. Ó bínú pé Mósè àti Áárónì fẹ́ mú àwọn èèyàn náà sinmi kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ní kí wọ́n máa lọ wá koríko bíríkì fúnra wọn, kí iye bíríkì má sì dín. Ìdí nìyí tí Diutarónómì 5:15 fi so òfin yìí mọ́ ìrántí oko ẹrú Íjíbítì. Ẹrú kò ní àṣẹ láti ṣíwọ́.

Ní ti bóyá Àbámẹ́ta ni ọjọ́ ìsinmi tàbí Àìkú, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Láti ọdún 1914 tí àwọn Adventist, ìjọ tó ń pa Àbámẹ́ta mọ́, ti dé Erunmu lẹ́bàá Ìbàdàn la ti ń jiyàn rẹ̀. Àwọn tó di Àìkú mú tọ́ka sí àjíǹde Olúwa, Constantine olú-ọba Róòmù sì ti fi òfin sọ ọ́ di ọjọ́ ìsinmi ní ọdún 321, bó tilẹ̀ gba àgbẹ̀ láyè láti lọ sóko.

Nítorí náà, arábìnrin, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ jọ́sìn, ẹ lọ sílé, ẹ jẹun, ẹ sùn bí oorun bá ń kùn yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń fọ aṣọ yín ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ẹ ní kí òun náà fi aṣọ sílẹ̀, torí pé Ẹ́kísódù 23:12 mẹ́nu ba màlúù, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, àlejò àti ọmọ ìránṣẹ́bìnrin, kò sì dárúkọ ìyàwó ilé rárá.