Fún ìyàwó tí òde máa ń rẹ̀

Àbúrò mi tó ní ará ilé ọkọ òun ń pe òun ní agbéraga nítorí pé òun máa ń sá wọ yàrá bí òde àríyá bá ti gbóná, mo gbọ́ ẹ yé. Kàm̀páálà ni mò ń tà ní ọjà Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni mo fi ń bá oníbàárà fa ọ̀rọ̀ iye owó, tí Sátidé bá sì dé, ìkómọ wà ní Aké, òkú àgbà wà ní Láfẹ́nwá. Ó máa ń dé ibi tí "ẹ kú ìnáwó" gan-an á di iṣẹ́ lẹ́nu mi.

Wọ́n á ní yóò mọ́ ẹ lára. Kò mọ́ mi lára o. Carl Jung, oníṣègùn ọpọlọ ará Switzerland, ti kọ ọ́ láti 1921 pé inú ara wọn ni ọkàn àwọn kan kọjú sí, òde ni ti àwọn mìíràn. Kò pe ìkankan ní àìsàn.

Ohun tí mo rí ni pé ìjókòó lásán ló ń tán wa lókun, kì í ṣe èèyàn. O jókòó lábẹ́ kánópì, sípíkà ń lu gbì-gbì-gbì, o ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ẹni tó ń kọjá: bí fóònù tó ń wá nẹ́tíwọ̀kì kiri ni, bátìrì á kàn máa lọ ni. Gba iṣẹ́ ṣe. Èmi ni mo máa ń bu ìrẹsì Ọ̀fadà sínú ewé. Gbólóhùn kan péré ni mo ń bá ẹnikẹ́ni sọ, kò sì sẹ́ni tó ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò jókòó.

Èyí tó tún dára jù ni kó o lọ ní ọjọ́ tó ṣáájú, kó o bá wọn bó ẹ̀wà, kó o bá wọn nu ewé mọ́ínmọ́ín. Èèyàn ò tíì pọ̀ nígbà yẹn, lójú àwọn ìyá àgbà, ìyẹn ni wọ́n ń kà sí ìwà ọmọlúàbí. Lọ́jọ́ kejì, wọ aṣọ ẹbí, kúnlẹ̀ kí olóde àti àwọn àgbà, fowó lé wọn lọ́wọ́, jẹ́ kí wọ́n yà ẹ́ ní fọ́tò, kó o máa lọ.

Má ṣe sọ pé ó rẹ̀ ẹ́ o! Ìyàwó tuntun tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ikùn ni wọ́n á máa wò. Kí ọkọ ẹ sọ pé òun rán ẹ níṣẹ́.

Tó bá jẹ́ àgbàlá yín ni wọ́n ti ń ṣe é, tí kò síbi à á lọ, bọ́ sẹ́yìnkùlé lọ bá àwọn alásè fọ ìkòkò. Wọn ò ráyè ìbéèrè.